Asẹ́ ẹnu ẹ̀rọ ló fẹ́ẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bàbá Ìbejì fi gbé lẹ́tà kan kiri nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ rí i. Kì í sì í ṣe ọkùnrin tó máa ń fi nǹkan pa mọ́ fún ìyàwó o. Bó bá gba owó-oṣù, orí ibùsùn ni àwọn méjèèjì ti ń kà á. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí, ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti sọ. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un níbi iṣẹ́ fi hàn pé èémí rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, pé kó lọ jókòó sílé fún oṣù kan, kó mú ìwé dókítà bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iléeṣẹ́ yóò wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún èèyàn rí ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ẹni ọdún 52 ni lọ́dún 2021 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọdún 19 ló ti lò níléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń la gẹdú, tí wọ́n sì ń fi pákó rẹ̀ kan àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ìdí ayùn ńlá ló máa ń dúró sí. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lọ́sàn-án yóò rí i pé orí gbogbo wọn funfun báláú, kì í ṣe ewú, lẹ́búlẹ́bú igi ni. Eruku ìrókò ló burú jù nínú wọn. A máa mú èèyàn sín, a máa mú ara yún, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fà á símú pẹ́, àyà wọn á máa fún, wọ́n á máa mí fìn-ín fìn-ín bí ẹni tó ní ikọ́ fée. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ náà fi máa ń gbé àwọn eléto ìlera wá lọ́dọọdún láti yẹ ojú, etí àti èémí àwọn òṣìṣẹ́ wò. Ohun tó dáa ni. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn jà sí ìyẹn.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn èémí yìí ni wọ́n ń pè ní sípáírómítà. Èèyàn á fa afẹ́fẹ́ símú títí inú rẹ̀ á fi kún dẹ́múdẹ́mú, á fi ẹnu bo ọ̀pá kékeré kan, á wá fẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó fẹ́ paná. Ẹ̀rọ á ka iye lítà tó jáde lápapọ̀, á sì ka iye tó jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́. Ti ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ yìí gan-an ni àwọn dókítà máa ń wò jù, torí ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ bá ti há, atẹ́gùn rẹ̀ lè pọ̀ nínú, àtijáde ni yóò dogun.

Lọ́dún 2019, lítà 3.21 ni Bàbá Ìbejì fẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́. Wọ́n ní ó dáa, ó tún rín ẹ̀rín lọ sídìí ayùn rẹ̀. Lọ́dún 2020, àrùn Kòrónà ò jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Kì í ṣe níléeṣẹ́ tiwọn nìkan, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló dá irú àyẹ̀wò yìí dúró nígbà náà, torí pé ẹni tó bá ń fẹ́ atẹ́gùn tipátipá báyìí, itọ́ á máa ta jáde, ikọ́ á sì máa gbọ́n ọn. Nígbà tí wọ́n padà dé lọ́dún 2021, lítà 2.64 ni ẹ̀rọ kà fún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ohun tó lọ jẹ́ 0.57 lítà, ó ju omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan lọ. Bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tí kì í mu sìgá, tí nǹkan kan ò ṣe, ohun tó máa ń dín kù nínú èémí rẹ̀ lọ́dún kan ò ju nǹkan bí mílílítà 30 lọ, ìyẹn omi ṣíbí ìjẹun méjì péré. Lọ́dún méjì, ṣíbí mẹ́rin ló yẹ kó bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì. Odidi ọ̀rá omi ló bọ́. Ìdí rẹ̀ rèé tí àyà fi já àwọn ọ̀gá, tó sì já òun náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró èémí ara rẹ̀ lóru. Àtẹ̀gùn tó ti ń gùn láti ọjọ́ yìí wá, ó wá ń dúró ní ìdajì rẹ̀, ó ń fọwọ́ dáyà dúró.

Níbi tí Ìyá Ìbejì ti fẹ́ fọ ṣòkòtò ni lẹ́tà ti já bọ́. Kò pariwo. Ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé èmi lẹ wá ń fi irú èyí pa mọ́ fún?" Ọkùnrin náà ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Obìnrin ní, "Ó dáa. Lọ́la, ọsibítù ìjọba là ń lọ. Ògì òní á ti tó tà títí di ọ̀la." Ògì ni obìnrin yìí ń sè tà, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó ṣì máa wúlò.

Ní ọsibítù, wọ́n darí wọn sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ṣeé ṣe kó má tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún. Wíwọn èémí nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ka lẹ́tà, ó wo nọ́ńbà méjèèjì, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró rárá. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ ń bi.

"Dàdí, lọ́dún 2019 tí ẹ fẹ́ ẹ, kí ni wọ́n fi sí yín lẹ́nu?"

"Páìpù páálí kan báyìí ni, bí èyí tó máa ń wà láàárín tíṣù."

"Ti ọdún yìí ńkọ́?"

"Páálí yẹn náà ni, àmọ́ wọ́n fi nǹkan roboto kan sáàárín òun àti ẹ̀rọ. Wọ́n ní asẹ́ ni, pé torí Kòrónà ni."

"Ṣé ojú yín ni wọ́n ṣe já a jáde nínú ọ̀rá?"

Bàbá Ìbejì ronú. Ó rántí pé ìlà gùn lọ́jọ́ náà. Ó rántí pé nígbà tí ọmọkùnrin tó wà níwájú òun fẹ́ tirẹ̀ tán, páálí rẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ sọnù, wọ́n ki páálí mìíràn bọ ẹnu asẹ́ kan náà, wọ́n ní ó yá. "Wọn ò já nǹkan kan, Dókítà. Ó ti wà níbẹ̀. Mo tiẹ̀ rí i pé ó tutù, mo rò pé wọ́n fọ̀ ọ́ ni."

"Wọn ò fọ̀ ọ́ o, Dàdí. Itọ́ ni."

Ìyá Ìbejì ká ọwọ́ lérí. "Itọ́ ta ni?"

"Itọ́ gbogbo ẹni tó fẹ́ ẹ ṣáájú wọn, Màmá, àti èémí wọn tó di omi níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ní kí ẹ fẹ́ ẹ?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní èrò pọ̀."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó dáa ló kéré tán, pé èyí tó ga jù àti èyí tó tẹ̀ lé e ò gbọdọ̀ fi ju 0.15 lítà lọ jura wọn, pé bí wọn ò bá bára mu, èèyàn lè fẹ́ ẹ títí di ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe àyẹ̀wò.

Ló bá gbé sìríńjì kan jáde. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń gún abẹ́rẹ́ o, èyí sanra bí itan àgbàlagbà. Lítà 3 géérégé ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ó já asẹ́ tuntun kan nínú ọ̀rá, ó fi sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ti sìríńjì náà wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ẹ̀ẹ̀kan jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀kan níwọ̀nba, ẹ̀ẹ̀kan tagbára-tagbára. Ẹ̀rọ kà á: 2.98, 3.01, 2.97. Ó ní láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan lòun ń ṣe é, pé kò gbọdọ̀ dín ní 2.91, kò sì gbọdọ̀ ju 3.09, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ò ní í fi wọn ẹnikẹ́ni. Àti pé bí wọ́n bá fẹ́ fi asẹ́ wọn èèyàn, asẹ́ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ẹ̀rọ náà wò pẹ̀lú. Òfin yìí wà nínú ìwé ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àyà ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù jọ gbé jáde lọ́dún 2019. Ẹni tó bá yẹ ẹ̀rọ wò láìsí asẹ́, tó wá fi asẹ́ sí i kó tó wọn èèyàn, ó dà bí ìyálọ́jà tó yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò lófìfo, tó wá gbé agbọ̀n lé e kó tó wọn ẹran.

Ó wá yọ sìríńjì kúrò lára ẹ̀rọ, ó ki asẹ́ gbígbẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ní kí Ìyá Ìbejì tì í. Ó lọ fẹ́ẹ́. Ó mú asẹ́ mìíràn, ó rọ omi díẹ̀ sí i, ó ní kó tún tì í. Ọwọ́ obìnrin náà dúró lójú kan. Ó fi ara tì í kó tó lọ.

"Ẹ rí i," obìnrin ọsibítù wí, "afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò dín kù. Ẹ bá ṣáà ti tì í títí, gbogbo rẹ̀ ló máa jáde. Àmọ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni ẹ̀rọ ń kà fún Dàdí."

Ìyá Ìbejì wo asẹ́, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Asẹ́ ògì! Asẹ́ ògì tí eèrí dí mà ni!" Ó ní bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta aṣọ asẹ́ sórí ìkòkò, ògì á máa ṣàn gbùrà. Bó bá di abọ́ kẹrin, ìkarun-ún, tí eèrí ti di ojú rẹ̀, èèyàn á ro ó, á ro ó, apá á fẹ́ẹ̀ já. Àgbàdo ò dín kù, ó kàn pẹ́ kó tó sọ̀ ni. Obìnrin ọsibítù ní òun á máa fi ìyẹn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Kẹ́nikẹ́ni má ṣe rò pé asẹ́ tuntun kì í mú nǹkan kan lára èémí. Ó ń mú díẹ̀. Àwọn tó ti fi àyẹ̀wò oní-asẹ́ wé aláìní-asẹ́ rí i pé nọ́ńbà máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ bí asẹ́ bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni, kò tó èyí tí yóò sọ ẹni tí ara rẹ̀ le di aláìsàn. Ìwé ìlànà 2019 yẹn náà ló fi ààlà sí i: bí atẹ́gùn bá ń sáré ní lítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ̀pá, asẹ́ àti ẹ̀rọ lápapọ̀ ò gbọdọ̀ di í lọ́nà ju 1.5 lọ, lórí òṣùwọ̀n sẹ̀ntímítà omi fún lítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Asẹ́ gidi tó gbẹ, tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wà lábẹ́ ààlà yìí. Ta ni yóò wá fọwọ́ sọ̀yà fún asẹ́ tí odidi ìlà èèyàn ti tutọ́ sí?

Ẹ̀rọ yìí àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ ti jọ ń bára wọn bọ̀ tipẹ́. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Hutchinson, ló gbé e síta ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1846, lẹ́yìn tó ti fi wọn èèyàn tó lé ní 2,000. Ìgbà náà, ohun tó fẹ́ kí wọ́n lò ó fún ni kí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò lè mọ ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ á gùn àti ẹni tí tirẹ̀ ò ní í gùn. Ẹ ò rí i pé láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ẹ̀rọ náà ni wọ́n ti ń fi èémí èèyàn ṣírò owó.

Bàbá Ìbejì jókòó, wọ́n fi nǹkan há a nímú, wọ́n já asẹ́ tirẹ̀ lójú rẹ̀. "Dàdí, ẹ fà á, ẹ fà á kún. Ó yá, ẹ fẹ́ ẹ! Ẹ fẹ́ ẹ! Ẹ má dá a dúró, ó kù, ó kù, ó kù!" Òógùn bò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló fẹ́ ẹ, torí pé ó wúkọ́ láàárín ìkejì, wọn ò ka ìyẹn. Mẹ́ta tó kù jẹ́ 3.02, 3.08 àti 3.05. Èyí tó ga jù ni wọ́n mú.

3.08 kì í ṣe 3.21, dókítà àgbà tó ka ìwé náà ò sì tan án jẹ. Ó ní díẹ̀ nínú ohun tó lọ, ọjọ́ orí ló mú un. Díẹ̀, asẹ́ ni. Díẹ̀, èémí èèyàn kì í sábà bára mu délẹ̀délẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ọdún 19 nínú lẹ́búlẹ́bú igi kì í ṣe eré, pé kó máa fi ìbomú gidi ṣiṣẹ́, kì í ṣe àkísà tó ń so mọ́mú, kó sì máa wá lọ́dọọdún, kí wọ́n máa fi irú asẹ́ kan náà wọn ọ́n. Ó kọ ìwé fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìbá parí sí nìyẹn, bí kì í bá ṣe pé Bàbá Ìbejì ò gbé ẹnu dákẹ́. Nígbà tó mú ìwé padà dé ibi iṣẹ́, ó gbọ́ pé òun nìkan kọ́ ni wọ́n fún ní lẹ́tà. Àwọn mẹ́jọ mìíràn wà nílé. Ó bi àwọn eléto ìlera tí wọ́n gbé wá léèrè, kí ló dé tí wọn ò pààrọ̀ asẹ́? Wọ́n ní asẹ́ wọ́n, pé gbogbo èèyàn ṣáà ní páálí tirẹ̀. Ahun ni, kò lórúkọ mìíràn. Asẹ́ kan, èèyàn kan ni. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀.

Àwọn mẹ́jọ náà lọ sí ọsibítù. Méje nínú wọn, nọ́ńbà wọn gòkè. Ìkẹjọ ò gòkè. Ọmọkùnrin kan ni, kò tíì pé ọdún méjì tó débẹ̀. Ó fẹ́ ẹ pẹ̀lú asẹ́ tuntun, ó tún ń lọ sílẹ̀ náà ni. Ó ti ń wúkọ́ láti bí oṣù méjì, ó ní eruku ni. Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni.

Òun ni ọmọkùnrin tó wà níwájú Bàbá Ìbejì lórí ìlà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàbá Ìbejì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé ó bínú sí ọmọ náà, ọmọ ọlọ́mọ ò mọ̀. Ohun tó rántí ni pé kí òun tó fẹ́ ẹ, òun ti kọ́kọ́ fi ẹnu bo páálí, òun sì fa afẹ́fẹ́ símú láti inú asẹ́ tútù yẹn. Asẹ́ náà dáàbò bo ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí èèyàn ni gbogbo ohun tó sẹ́ wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ní kó ti mí.

Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ẹ lẹ́yìn ọmọ náà lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọjọ́ tí Bàbá Ìbejì fi ń retí èsì, ó yọ àwo àti ife tirẹ̀ sọ́tọ̀. Kò jẹ́ kí àwọn ìbejì gun òun lẹ́sẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ṣàlàyé títí pé wọ́n ní kì í ṣe àwo ni àrùn yẹn ń bá ràn, pé inú afẹ́fẹ́ ni. Kò gbọ́. Nígbà tí èsì dé pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà, inú àwo kan náà ni òun, Táíwò àti Kẹ́hìndé ti jẹ ẹ́. Ọmọkùnrin náà gba oògùn tirẹ̀ fún oṣù 6, ọ̀fẹ́ ni ní ọsibítù ìjọba, ara rẹ̀ sì le.

Àwọn kan wà níbi iṣẹ́ tí wọ́n ní asẹ́ ló fa gbogbo wàhálà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n padà sí páálí lásán bíi ti 2019. Bàbá Ìbejì ló dá wọn lóhùn. Ó ní ìyàwó òun kì í torí pé eèrí dí asẹ́ kó wá máa mu ògì aláìsẹ́. Ṣe ló ń fọ̀ ọ́. Èyí ò ṣeé fọ̀, nítorí náà kí wọ́n máa jù ú nù. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ nílé torí ikọ́ fée, tí òun nìkan ń fẹ́ ẹ, ìyẹn lè má fi asẹ́ sí i, kó ṣáà máa fọ̀ ọ́, kó má sì fi nọ́ńbà tilé wé ti ọsibítù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí èèyàn púpọ̀ ń fẹnu kàn, kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ ẹ láìsí asẹ́.

Iléeṣẹ́ gbọ́. Wọ́n dá gbogbo wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn ò tọrọ àforíjì, wọ́n kàn fi bébà kan lẹ̀ ẹ́ sára ògiri pé kí wọ́n foríjin ìdàrúdàpọ̀ tó wáyé. Àwọn eléto ìlera mìíràn ni wọ́n gbé wá lọ́dún 2022.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tó kan Bàbá Ìbejì, ó na ọwọ́. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ò mọ ohun tó ń bèèrè.

"Asẹ́ mi," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín já ọ̀rá rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé e fún un. Ó já a fúnra rẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn wò, ó rí i pé ó gbẹ, ó wá jókòó, ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. 3.06. Ó ní ìwé ajáko kékeré kan nínú àpò báyìí, inú àpò tí lẹ́tà yẹn wà nígbà kan. Ó kọ ọjọ́ sí i, ó kọ nọ́ńbà sí i, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: asẹ́ tuntun.